Koríko Abẹ́ Páànù

Orúkọ tí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún un ni Évariste, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi orúkọ yẹn wá a kiri lẹ́sẹ̀ àwọn òkè Dassa máa rìn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi wú. Baba Ìkọ́ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ìkọ́ ọ̀hún jẹ́ ọ̀pá gígùn kan tí alágbẹ̀dẹ fi irin títẹ̀ sí lórí, ara ògiri ilé Évariste ló sì máa ń fara tì látọdún dé ọdún. Bí iná bá mú ilé koríko, ìkọ́ yìí ni wọ́n fi ń fa koríko òrùlé wálẹ̀ kíákíá, kí iná má baà fò mọ́ ilé kejì. Ní àsìkò tí mò ń sọ yìí, òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, àwọn panápaná tó ní mọ́tò kò sì sí nítòsí. Ìlú ńlá etí òkun ni wọ́n wà. Kí ẹnikẹ́ni tó ránṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, eérú á ti tutù, àwọn ewúrẹ́ á sì ti máa sùn nínú rẹ̀.

Àgbẹ̀ oníṣu ni Évariste. Ènìyàn kúkúrú ni, ìkọ́ náà sì gùn jù ú lọ débi pé bó bá gbé e léjìká tó ń sáré lọ síbi iná, ẹni tó wà lókèèrè á rò pé ìkọ́ ló ń gbé e lọ. Irun ìpéǹpéjú rẹ̀ apá òsì ti jóná nígbà kan, kò sì hù dáadáa mọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó máa dà bí ẹni tí nǹkan ń yà lẹ́nu nígbà gbogbo. Kò fọkàn tán iná rárá, ìbáà ṣe iná tó ń se oúnjẹ òun fúnra rẹ̀. Lucienne ìyàwó rẹ̀ a máa ráhùn pé òun kò tíì se ọbẹ̀ kan rí láìjẹ́ pé ọkọ òun wá síbi ààrò, tí á máa fi ẹsẹ̀ ti igi iná sẹ́yìn.

"Bàbá Odette, ṣé ẹ fẹ́ ká máa jẹ iṣu tútù ni?" Odette ni àkọ́bí wọn obìnrin.

Évariste á ní kó má bínú. Á lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ní kúrò lára ààrò.

Ẹ má fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ojú rẹ̀ ti rí nǹkan.

Ẹni tó di ìkọ́ náà mú ṣáájú rẹ̀ ni Isidore, ọkùnrin gìrìpá kan tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìbẹ̀rù. Lọ́dún kan, nígbà ọyẹ́, iná mú ilé kan ní àdúgbò. Wọ́n ti fa koríko wálẹ̀ tán, iná ti ń rọlẹ̀, ni obìnrin onílé bá figbe ta pé ẹ̀rọ ìránṣọ òun ṣì wà nínú yàrá. Isidore wọlé lọ gbé e. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, báyìí ni a ṣe ń kọ́lé nígbà náà: ògiri amọ̀ ni, a ó wá to ìtì igi láti ògiri iwájú dé ògiri ẹ̀yìn, a ó tẹ́ amọ̀ sórí igi wọ̀nyẹn, ìyẹn ni àjà. Orí àjà la máa ń kó iṣu àti àgbàdo sí, kí koríko òrùlé tó wá bo gbogbo rẹ̀. Iná ti jẹ igi àjà yẹn láti òkè wá, kò sì sẹ́ni tó mọ̀, torí amọ̀ nìkan ni ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ ń rí. Bí Isidore ti gbé ẹ̀rọ náà mọ́ àyà báyìí, àjà já, gbogbo iṣu tí ìdílé kan fẹ́ fi jẹun lọ́dún yẹn sì wó lé e lórí.

Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, Évariste ló di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn, kò rí ibì kankan tí iná ti kàn án. Aṣọ ọrùn rẹ̀ pàápàá kò jó.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wí fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé, "Iná kò pa Isidore. Iṣu ló pa á." Ní ọjà Glazoué, àwọn obìnrin oníṣu á rí i lókèèrè, wọ́n á ní, "Ẹ bo iṣu yín o, Baba Ìkọ́ ń bọ̀, á tún pè wọ́n ní apànìyàn." Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé ìkọ́ lé e lọ́wọ́, òfin tó kọ́kọ́ ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá a paná kò ní ẹ̀rín nínú. Bí òrùlé bá ti ń jó, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ àjà mọ́, ìbáà jẹ́ ẹrù ọba ló wà níbẹ̀. Ó tún kọ́ wọn pé ògiri amọ̀ tí iná ti yan, tí omi sì tún rin, kò ṣeé dúró tì, torí kì í kìlọ̀ kó tó wó. Bí ènìyàn bá wà nínú ilé ńkọ́? Kí wọ́n lọ sí ògiri ẹ̀gbẹ́, níbi tí igi àjà kò gbé orí lé, kí wọ́n dá a lu, kí wọ́n dúró síta, kí wọ́n sì fa ẹni náà jáde. Àwọn ọ̀dọ́ náà gbọ́, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e.

Ẹnì kan ṣoṣo ni òfin náà kò wọ̀ létí, ìyẹn ìyá tó bí i lọ́mọ.

Ìyá Euphrasie kéré lára, ó gbẹ bí ẹja tí a yan, ohùn rẹ̀ sì tó ti ènìyàn mẹ́ta. Nígbà tí oyún Évariste wà nínú rẹ̀, iná jó àdúgbò náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Kò lè sáré. Ó wọ abẹ́ àjà, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀ títí koríko òkè fi jó tán. Nígbà tó jáde, ilé kò ní òrùlé mọ́, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò ṣe òun àti oyún inú rẹ̀.

"Àjà yìí ló bí ọ, ọkọ mi," ló máa ń wí fún ọmọ rẹ̀. "Èmi kàn bá a gbé ọ díẹ̀ ni."

Évariste á ní, "Ìyá, ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà yẹn. Ẹ ti jẹ iṣu tán lórí àjà, koríko sì fẹ́lẹ́. Ó jó fùú, ó tán. Òní kọ́ nìyẹn."

"Ṣé ìwọ wà níbẹ̀ ni?"

"Mo wà níbẹ̀, Ìyá. Inú yín ni mo wà."

"O ń sùn."

Évariste á kàn fi ọwọ́ pa orí, á bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, tí àwọn ọdẹ bá ti ń dáná sungbó lórí òkè láti lé ọ̀yà jáde, kò ní sinmi. Á máa wo òrùlé ìyá rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Lójú Évariste, koríko gbígbẹ tó wà lórí ìyá rẹ̀ kò yàtọ̀ sí iná tí kò tíì ràn.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí iṣu rẹ̀ ta dáadáa lọ́dún kan, kò ra aṣọ, kò ra kẹ̀kẹ́ tí ojú rẹ̀ ti ń wò tipẹ́. Ọ̀dọ̀ Jímọ̀ ló gbà lọ, oníṣòwò Mùsùlùmí kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Dassa, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtọjọ́ pípẹ́. Páànù ló lọ rà, èyí tí àwọn ará wa ń pè ní tóólù nítorí pé ẹnu àwọn Faransé la ti gbọ́ ọ. Jímọ̀ fúnra rẹ̀ fi ọmọlanke gbé e wá. Wọ́n tú koríko Ìyá Euphrasie kúrò, wọ́n kan páànù, ó ń dán yinrinyinrin lábẹ́ òkè débi pé àwọn tó ń ti Gbaffo bọ̀ ń rí i lọ́nà. Évariste fẹ́ tú àjà náà pẹ̀lú, kó sì kọ́ abà iṣu síta, àmọ́ ìyá rẹ̀ gbé àpótí ìjókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹni tó bá fẹ́ tú àjà kó kọ́kọ́ tú òun. Évariste fi í sílẹ̀. Ó rò ó pé, níwọ̀n bí iná kò ti lè mú irin, kí ni àjà á ṣe fún ẹnikẹ́ni?

Òjò dé, ọ̀rọ̀ sì yí padà.

Níwájú ọmọ rẹ̀, yíyìn ni Ìyá Euphrasie ń yin páànù. Ó ní òun ti di ìyàwó olóyìnbó. Ṣùgbọ́n bí Évariste bá ti lọ sóko báyìí, á ká Lucienne mọ́ ìdí ààrò, á sì bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Ó ní òòrùn ọ̀sán ń fi tóólù yẹn se òun, òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná, kí wọ́n wá bu iyọ̀ sí òun lára. Ó ní bí òjò bá ń rọ̀, òun kì í gbọ́ àdúrà òun mọ́. "Mo ń pe Màríà, tóólù ni ó ń dá mi lóhùn. Mi ò sì lè sọ fún un, Lucienne. O rí i bí inú ọmọ náà ti dùn tó. Bí òjò bá ń rọ̀, ìta níbí ló máa ń wá dúró, á máa wo òrùlé, á máa rẹ́rìn-ín." Ó ní kí Lucienne má sọ ọ́ síta.

Lucienne sọ ọ́ síta. Ta ni kò ní sọ ọ́? Ìyá ọkọ rẹ̀ ti kó ẹní wá sí yàrá rẹ̀ láti máa sùn lọ́sàn-án, ó sì ń han-anrun.

Ìbànújẹ́ mú Évariste. Ó ronú lọ, ó ronú bọ̀. Nígbà tí Ìyá Euphrasie lọ sí Gbaffo láti lọ wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ àbúrò rẹ̀, Évariste ránṣẹ́ pe Jímọ̀. Àwọn méjèèjì tú páànù, wọ́n to koríko nínípọn sórí igi òrùlé, wọ́n sì kan páànù náà padà lé e lórí. Wọ́n gé etí koríko náà mọ́ ògiri kí ẹnikẹ́ni má baà rí i láti ìta.

Jímọ̀ fi ọwọ́ họrí. "Òrùlé méjì fún ilé kan? Ìwọ Baba Ìkọ́ lo fẹ́ tọ́jú koríko pamọ́?"

"Òkè ni iná ti ń bọ́ sórí koríko," ni Évariste wí. "Bó bá dé, páànù ló máa bá. Koríko abẹ́ rẹ̀ á kàn máa gba ooru àti ariwo fún Ìyá ni."

Jímọ̀ ní òótọ́ ni. Ẹ wò ó, ẹni tó mọ iná ju gbogbo wa lọ ló sọ ọ̀rọ̀ yìí. Kò rántí àlàfo tó wà láàárín orí ògiri àti páànù, èyí tí a máa ń fi sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Kò rántí pé ìkọ́ òun kò lè fa irin ya. Èmi kò bá a wí. Ìyá rẹ̀ kò rí oorun sùn, ó sì fẹ́ kó sùn, ìyẹn nìkan ló gba ọkàn rẹ̀.

Ìyá Euphrasie dé. Òjò rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, òjò ńlá tó ń lu ilẹ̀ kíkankíkan, ṣùgbọ́n lókè, ariwo náà wá sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń gbọn àgbàdo sínú apẹ̀rẹ̀. Ìyá jáde sínú òjò, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ wá gbọ́ o! Màríà ti bá tóólù sọ̀rọ̀! Ó ti pa á lẹ́nu mọ́!" Ó sọ ọ́ nílé, ó sọ ọ́ lódò, ó sọ ọ́ lẹ́yìn Máàsì lọ́jọ́ ìsinmi fún gbogbo ẹni tó bá dúró. Évariste wà níbẹ̀, ó dorí kodò bí ẹni ń gbàdúrà. Lucienne ń wò ó, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Kò sí ọjọ́ tí inú ọkùnrin náà dùn tó báyẹn láyé rẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe wà títí ọyẹ́ fi tún dé, tó lọ, tí òmíràn sì tún dé.

Ọ̀sán ni iná ọjọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọdẹ ti sun igbó lápá òkè, wọ́n sì rò pé ó ti kú, ni atẹ́gùn bá yí padà lójijì, tó ń da ẹ̀ṣẹ́ná àti koríko jíjó sórí àdúgbò. Ilé kan gbiná, òmíràn gbiná. Évariste gbé ìkọ́, àwọn ọ̀dọ́ tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin ń gbé omi àti àpò tútù. Ẹ bá rí i lọ́jọ́ yẹn! Ó ń pàṣẹ bí ọ̀gágun: ẹ fa tibí, ẹ fi tọ̀hún sílẹ̀, ó ti lọ, ẹ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn! Gbogbo ènìyàn ń kó ẹrù jáde. Níbo ni wọ́n ń kó o lọ? Ilé Ìyá Euphrasie ni. Páànù ni ó wà lókè rẹ̀, àjà wà lábẹ́ páànù, ilé wo ló tún lágbára jù ú lọ ní gbogbo àdúgbò? Évariste fúnra rẹ̀ ń nawọ́ síbẹ̀ fún wọn. Ìyá Euphrasie dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gba ẹrù, ó ń sọ ibi tí kálukú máa gbé tirẹ̀ sí. Nígbà tí yàrá kún dé ẹnu, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn kí ẹ̀ṣẹ́ná má baà wọlé, ó sì jókòó ti ohun tí àwọn ènìyàn fi sọ́wọ́ rẹ̀.

Inú Évariste balẹ̀. Ó ní nínú gbogbo àdúgbò, ẹni kan wà tí òun kò ní láti wá lónìí.

Wọ́n ti ń borí iná. Ó dúró láti mu omi, ó gbójú sókè, ó sì rí èéfín kan tó ń yọ láàárín ògiri àti páànù ilé ìyá rẹ̀. Kò pọ̀. Kò sí ọwọ́ iná kankan. Ó tinrin, ó pọ́n bí omi èèpo igi, ó sì ń yọ yí gbogbo etí òrùlé ká. Ẹlòmíràn ì bá pè é ní eruku. Igbá omi já bọ́ lọ́wọ́ Évariste.

Ó sáré dé ibẹ̀, ó fi ìkọ́ gbá òrùlé náà. Irin bá irin, gbàràgàdà, ìkọ́ yọ̀. Ó tún gbá a, ó tún yọ̀. Koríko náà ń jó lábẹ́ páànù níbi tí kò sí ẹni tó lè fà á, páànù sì dé ooru náà mọ́lẹ̀, kò jẹ́ kó lọ sókè. Ibo ló máa lọ? Orí àjà ni, sára ìtì igi, sára iṣu àti àgbàdo ọdún náà.

Ó ti ilẹ̀kùn. Kò ṣí. Inú ló ń ṣí sí, ẹrù gbogbo àdúgbò sì ti há a mọ́.

"Ìyá! Ìyá!"

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni! Ẹ jáde!"

"Kí n jáde lọ síbo? Ìta ni iná wà." Ohùn rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó ń yan ẹ̀pà. "Ẹrù ẹlẹ́rù sì wà lọ́wọ́ mi. Lọ paná tìrẹ."

Évariste ké sí Jímọ̀, tó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa wá ṣèrànwọ́. Wọ́n gbé ọkọ́ àti irin ìwalẹ̀, wọ́n yí sí ògiri ẹ̀gbẹ́, wọ́n dá a lu. Amọ̀ àtijọ́ le bí òkúta. Nígbà tí ihò náà gba orí ènìyàn, Évariste yọjú wọlé, ohun tó sì rí bà á lẹ́rù ju iná lọ. Inú yàrá náà tutù. Kò sí èéfín níbẹ̀, kò sí ooru. Ìyá rẹ̀ jókòó lórí àpótí rẹ̀ láàárín ẹrù, lábẹ́ ìtì igi àárín gan-an, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lọ́wọ́, ó ń wò ó bí ẹni tí àlejò já lu níbi oúnjẹ.

"O ba ògiri mi jẹ́," ni Ìyá wí. "Olè ló ń gba ibẹ̀ yẹn wọlé."

"Ìyá, ẹ foríjì mí." Ó di etí ihò náà mú. "Kì í ṣe Màríà ló pa tóólù lẹ́nu mọ́. Èmi ni. Mo to koríko sábẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ wà ní Gbaffo. Ó ń jó lórí yín báyìí. Ẹ jọ̀ọ́."

Ìyá Euphrasie gbọn eruku ògiri kúrò lára aṣọ rẹ̀.

"Mo mọ̀," ló wí.

"Ẹ mọ kí ni?"

"Ó ń já bọ́ sórí iṣu tí mo ń mú lórí àjà láti ọjọ́ tí mo ti dé. Ṣé o rò pé mi ò mọ koríko mọ́ ni? Ọmọ mi fẹ́ kí n sùn, mo sì sùn." Ó ka ìlẹ̀kẹ̀ kan. "Ọ̀rọ̀ Màríà yẹn, nítorí tìrẹ ni. Mo rí i bó ṣe ń dùn mọ́ ọ. Lọ, ọkọ mi. Koríko á jó tán, àjà á gbà á, bó ṣe gbà á nígbà tí mo lóyún rẹ."

Ní ìgbà yẹn ni amọ̀ díẹ̀ bọ́ láàárín ìtì igi méjì, ó sì dà sórí gèlè Ìyá. Évariste mọ ohun tí ìyẹn ń wí. Gbogbo ohun tó lè sọ ló ti sọ fún obìnrin yìí láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó fi ìkọ́ sílẹ̀, ó ti èjìká bọ inú ihò náà.

Jímọ̀ gbá a lẹ́sẹ̀ mú. "Évariste! Òfin tìrẹ ńkọ́?"

Évariste fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ, ó wọlé, ó kọjá láàárín ẹrù, ó sì jókòó sórí àpò àgbàdo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, abẹ́ ìtì igi kan náà. Ó nawọ́, ó di ìdí ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà náà mú.

"Bó bá máa gbà yín," ló wí, "ó máa gba àwa méjèèjì."

Ìyá Euphrasie wò ó. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wo àjà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn lọ́jọ́ náà. Amọ̀ tún bọ́. Àjà tó fọkàn tán fún ẹ̀mí ara rẹ̀ láti ìgbà èwe, kò lè fọkàn tán an fún ẹ̀mí ọmọ yìí, kódà fún ìṣẹ́jú kan. Ó fò dìde bí ọmọge.

"Dìde! Ìwọ ọmọ yìí, dìde! Ṣé o fẹ́ kí iṣu pa ọ́ bíi Isidore ni?"

Ó di í létí mú, bàbá ọmọ tó ní irùngbọ̀n, ó ń fà á lọ síbi ihò náà. Évariste ní kó ṣáájú. Ìyá ní òun kò ní ṣáájú. Wọ́n ń jà níbẹ̀, mo sọ fún yín, ìyá àti ọmọ ń jà lábẹ́ àjà tó ń jó nítorí ẹni tó máa kọ́kọ́ yè, títí Jímọ̀ fi na ọwọ́ wọlé, tó gbá Évariste lọ́rùn ẹ̀wù mú, tó sì fà á jáde. Évariste yí padà lórí ilẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì wọlé, ó fa ìyá rẹ̀. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹ̀ka igi gbígbẹ.

Wọn kò tíì dé ìdí igi máńgòrò tí àjà fi já. Ilẹ̀ mì. Eruku àti eérú tú jáde láti inú ihò ògiri náà, páànù ká lókè, ó ń dún kíkankíkan, nígbà náà ni iná wá fi ojú rẹ̀ hàn.

Évariste jókòó sórí ilẹ̀, ó ń sunkún láìbo ojú. Ìyá rẹ̀ ń gbọn eérú kúrò lórí rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi pé ẹ mọ̀?" ló béèrè. "Bí ẹ bá ti sọ, ǹ bá ti tú u."

"Ìwọ ńkọ́? Kí ló dé tí o kò bi mí bóyá ariwo náà ń dà mí láàmú? Lucienne lo lọ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀."

Lucienne, tó dúró nítòsí pẹ̀lú ìkòkò omi, wá wo apá ibòmíràn.

Ẹrù gbogbo àdúgbò jóná sínú ilé yẹn. Àwọn kan kùn, kò sì sí ẹni tó lè dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá wo òkìtì iṣu jíjó tó wà lórí ibi tí Ìyá Euphrasie ti jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí wọ́n máa gbá mọ́ra. Jímọ̀ ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ìyá ní òun kì í ṣe ọba, kó lọ wá páànù míì wá.

Ó wá páànù wá. Kí òjò tó dé, ilé tuntun ti dúró: ògiri, igi òrùlé, páànù, kò tún sí nǹkan mìíràn. Kò ní àjà. Abà iṣu wà lọ́tọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ẹni tó bá dúró láàárín yàrá, tó bá gbójú sókè, á rí ìdí gbogbo ìṣó. Évariste sì fi ọ̀rọ̀ kan kún ohun tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n má gbójú lé òrùlé tí wọn kò mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ òun ló kàn án. Bó bá dé ibẹ̀, á máa fi ọwọ́ pa etí rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fà.

Òjò àkọ́rọ̀ dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí gbogbo wọn wà nílé. Ariwo náà pọ̀ débi pé àwọn adìyẹ sá wọ abẹ́ àpótí. Évariste dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tirẹ̀, ó ń wo ilé ìyá rẹ̀ lódìkejì àgbàlá, kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń ro ohun tó lè ṣe. Nígbà náà ló gbọ́ ohùn kan tó gun òjò kọjá, ohùn tó tó ti ènìyàn mẹ́ta, tó ń pariwo pé kí Màríà tó kún fún oore-ọ̀fẹ́ gbọ́ òun. Òun náà fi ọwọ́ méjèèjì yí ẹnu ká, ó pariwo ìdáhùn: "Ìyá Ọlọ́run, gbàdúrà fún wa!" Lucienne fi ọwọ́ di etí. Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ìyá ń ké, ọmọ ń dáhùn, títí ìlẹ̀kẹ̀ fi fẹ́ tán, ni Ìyá Euphrasie bá yọjú lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Évariste! Tóólù rẹ yìí ń dí mi létí!"

"Mo gbọ́, Ìyá!"

"Má ṣe nǹkan kan sí i o!"